Ẹ Bi Ìyá Onílẹ̀kẹ̀: Òkúta Òṣùpá àti Ohun Tó Ń Rìn Nínú Rẹ̀

Lóṣù tó kọjá, mo fi àwòrán òrùka fádákà kan sójú ìwé yìí, òkúta òṣùpá, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní moonstone, ni mo fi sí i lórí. Láti ìgbà náà ni lẹ́tà kò ti dáwọ́ dúró. Àwọn kan fẹ́ mọ iye tí mo ń tà á. Àwọn kan ní kí n má fi òkúta abàmì kó ọmọ ọlọ́mọ sínú wàhálà. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì mú márùn-ún tó kó ọ̀rọ̀ àwọn yòókù pọ̀. N kò ní í kánjú dáhùn wọn, torí ọdún 29 rèé tí mo ti jókòó ti ìlẹ̀kẹ̀ àti òkúta n'Ìbàdàn, n kò sì tíì rí òkúta tí mo fẹ́ràn tó èyí, tí mo sì ń gbọ́ irọ́ lórí rẹ̀ tó báyìí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Àfẹ́sọ́nà mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi òrùka ránṣẹ́ sí mi. Òkúta orí rẹ̀ funfun bí omidùn orí ògì, ṣùgbọ́n bí mo bá yí ọwọ́ mi báyìí, nǹkan búlúù kan á sáré kọjá nínú rẹ̀. Ìyá ọkọ mi rí i, wọ́n ní kí n bọ́ ọ kíá, pé òkúta tó bá ń mira nínú kì í ṣe òkúta lásán, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ti àwọn ará inú omi. Ẹ̀rù ti wá ń bà mí. Kí ló ń rìn nínú rẹ̀? (Ìyàwó ojú ọ̀nà, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú oríire o. Ilé ọkọ á tù ọ́ lára. Kí n tó sọ nǹkan kan, jọ̀wọ́ má bá ìyá ọkọ rẹ jiyàn. Ohun tí wọ́n rí, òótọ́ ni wọ́n rí i. Nǹkan ń rìn níbẹ̀. Èmi yóò sọ ohun tó jẹ́ fún ọ, kí ìwọ náà lè jókòó tì wọ́n kí o fi hàn wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ni.

Ẹbí òkúta kan wà tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè ní feldspar. Nínú gbogbo àpáta tó bo ojú ayé yìí, ó lé ní ìdajì tó jẹ́ tirẹ̀. Ìwọ gan-an ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí láìmọ̀. Bí o bá gun òkè Ìdànrè tó wà nítòsí yín níbẹ̀, tẹ̀ ba, kí o wo ara àpáta náà dáadáa: wàá rí àwọn hóró ńláńlá tó funfun tàbí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ojú wọn pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń kọ mànà nínú oòrùn. Feldspar nìyẹn. Inú ẹbí yẹn ni òkúta orí òrùka rẹ ti wá.

Oríṣi méjì ló para pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ orthoclase, èkejì ń jẹ́ albite. Nígbà tí ooru inú ilẹ̀ ṣì ń mú, àwọn méjèèjì wọnú ara wọn bí iyọ̀ ṣe ń wọnú omi gbígbóná, o kò lè mọ èyí tó jẹ́ ti lágbájá yàtọ̀ sí ti làkásègbè. Ṣùgbọ́n bí òkúta náà ṣe ń tutù, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún tí ẹnu kò lè kà, wọn kò lè gbé pọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n yà. Kì í ṣe pé ọ̀kan bọ́ sí apá ọ̀tún tí èkejì bọ́ sí apá òsì o. Ìpele lórí ìpele ni wọ́n yà sí, orthoclase, albite, orthoclase, albite, bí ìgbà tí a bá to ewé lé ewé sínú apẹ̀rẹ̀. Ìpele wọ̀nyí fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan nínú wọn. Irun orí rẹ kan ṣoṣo nípọn jù wọ́n lọ fíìfíì.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọ inú òkúta náà, àwọn ìpele yìí ló ń kọlù, ibẹ̀ ló ti ń fọ́n ká tó sì ń padà wá bá ojú rẹ. Bí ìpele bá fẹ́lẹ́ gan-an, búlúù lo máa rí, búlúù bí aṣọ aró tí a ti fọ̀ títí tó fi ṣì. Bó bá nípọn díẹ̀, funfun bíi wàrà ni. Bí o bá wá yí ọwọ́, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ti yí padà, òun ló fi dà bíi pé nǹkan sáré. Òkúta kò mira. Ìwọ lo mira.

Ohun tí mo máa ń ṣe fún oníbàárà tí ẹ̀rù bá ń bà rèé, kí o ṣe é lójú ìyá ọkọ rẹ. Jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Gbé òrùka náà lé orí aṣọ dúdú, kí o pa iná yàrá. Tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ. Má fọwọ́ kan òrùka, tọ́ọ̀ṣì ni kí o máa yí, láti ọ̀tún lọ sí òsì, kó lọ, kó bọ̀. Búlúù yẹn á máa tẹ̀ lé tọ́ọ̀ṣì. Gbé tọ́ọ̀ṣì fún Màmá kí àwọn náà yí i. Lẹ́yìn náà, pa á. Búlúù ti tán. Bó bá jẹ́ ará inú omi ló wà níbẹ̀, kò ní í jẹ́ iná fóònù ni yóò máa pàṣẹ fún un.

Kí n fi èyí kún un, torí ó wà lọ́kàn mi. Wo bí wọ́n ṣe gé òkúta rẹ: ìdí rẹ̀ tẹ́jú, orí rẹ̀ yọ róbótó bí ààbọ̀ ẹyin àdàbà. Kò sí igun wẹ́wẹ́ lára rẹ̀ bí ti dáyámọ́ńdì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbọ́dọ̀ rí kí ìmọ́lẹ̀ náà lè kó ara jọ sójú kan. Ẹni tó bá sì fẹ́ gé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ìpele inú rẹ̀ dojú kọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń fi ahọ́n tutù kan òkúta tí a kò tíì lọ̀, á wá gbé e sínú oòrùn, á máa yí i títí yóò fi rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà ti ń yọjú, á sì fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀. Ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ orí, ìdí ni òdìkejì rẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ dá gé, mo kánjú, n kò wò ó tó. Ó dán, ó rí róbótó, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́, bí ojú ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ tó ń wo ẹlòmíràn. Mo ṣì ní in nínú dúrọ́ọ̀ mi di òní. Tìrẹ, bí búlúù náà bá ń kọjá láàárín gbùngbùn, ẹni tó mọṣẹ́ ló gé e. Ẹni tó rà á fún ọ náà fara balẹ̀ rà á.

Sri Lanka, tí wọ́n ń pè ní Ceylon títí di 1972, ni èyí tí búlúù rẹ̀ dára jù ti lókìkí. Abúlé kan wà níbẹ̀, Meetiyagoda, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà, tí àwọn ènìyàn ti ń gbẹ́ kòtò tóóró wọlẹ̀ láti wá a, tí wọ́n ń fa omi jáde, tí wọ́n ń fi apẹ̀rẹ̀ ṣan amọ̀ kúrò lára òkúta. Ó tún wà ní Íńdíà, Madagascar àti Myanmar. Ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á o, kì í ṣe ìsàlẹ̀ omi. Wọ òrùka rẹ, ọmọ mi.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ ṣàánú mi. Ìlẹ̀kẹ̀ ni mo ń tà n'Ìlọrin. Mo ra okùn òkúta òṣùpá 12 lọ́wọ́ ẹnì kan. Wọ́n mọ́ kedere, kò sí àléébù kankan lára wọn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló sì ń tàn búlúù láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Oníbàárà mi kan wá ní gíláàsì ni. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ kí n tó tà á fún ẹlòmíràn?

ÌDÁHÙN: Níbi tí o ti kọ ọ́ pé kò sí àléébù kankan lára wọn ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ fò. Ibi tí o ti kọ ọ́ pé wọ́n ń tàn láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ ló wá jẹ́ kó dá mi lójú. Gíláàsì ni, àbúrò mi. Opalite ni àwọn tó ń ṣe é ń pè é. Kò sí ohun tó burú nínú gíláàsì bí a bá tà á ní gíláàsì. Ìlẹ̀kẹ̀ sẹ̀gi wa tó níyì tó nì, gíláàsì náà ni. Ohun tó burú ni kí a pè é ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, kí a sì fi orúkọ náà gbowó.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ní 2014, mo ra okùn 20 lọ́wọ́ ẹnì kan tí mo fọkàn tán, mo sì ti ta méje nínú rẹ̀. Ọmọ oníbàárà mi kan, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, ló ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ìyá rẹ̀ ṣeré níwájú gílóòbù. Ó pariwo pé, "Mọ́mì, ó ti di ọsàn!" Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e síwájú iná. Lóòótọ́, gbogbo inú rẹ̀ ti pọ́n bí omi ọsàn. Ara mi bù máṣọ. Mo kọ orúkọ àwọn méjèèje sílẹ̀, mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dá owó wọn padà. Ẹni tó tà á fún mi kò gbé ìpè mi mọ́. Láti ọjọ́ náà, okùn kan kì í wọ ṣọ́ọ̀bù mi kí n má gbé e síwájú iná.

Torí náà, ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ ṣe. Fi iná sẹ́yìn rẹ̀. Opalite á pọ́n bí ọsàn, á sì tún di búlúù bí o bá gbé e lé aṣọ dúdú. Lẹ́yìn náà, mú ẹyọ kan ṣoṣo, máa yí i díẹ̀díẹ̀ láàárín ìka méjì. Ojúlówó òkúta òṣùpá ní ẹ̀gbẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń yọ, ó sì ní ẹ̀gbẹ́ tí yóò ti kú pátápátá, tí òkúta náà á dà bí omi lásán. Gíláàsì kò mọ ẹ̀gbẹ́ kankan, gbogbo ara rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà.

Wá gba lẹ́ńsì tí àwọn aláago fi ń ṣiṣẹ́. Bí o bá rí ihò afẹ́fẹ́ róbóróbó bí èyí tó máa ń wà nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, gíláàsì ni. Ṣùgbọ́n bí o bá rí ọ̀kùn, inú rẹ á dùn. Má bẹ̀rù, kì í ṣe ọ̀kùn tó ń rìn. Nínú òkúta òṣùpá púpọ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń wà, àwọn ìlà kéékèèké á wá yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ṣákáṣáká, bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn gan-an. Níbi tí òkúta náà ti fẹ́ là nínú ilẹ̀ tí kò là tán ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé àbùkù ni, mo sì fẹ́ dá òkúta náà padà. Ọ̀gá mi ló dá mi dúró. Ó ní gíláàsì kò lè bí ọ̀kùn.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú la fi ń mọ àìsí epo, ẹnu la fi ń mọ àìsí iyọ̀. Iṣẹ́ ojú ni iṣẹ́ wa yìí. Ìlú rẹ gan-an sì ni ilé àwọn tó mọ̀ ọ́n: Ìlọrin ni wọ́n ti ń lọ òkúta pupa di ìlẹ̀kẹ̀ lántànà tí àwọn ọba ń wọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ lásán àti sùúrù. Bí àgbà kan bá ṣì kù ládùúgbò rẹ tó mọ iṣẹ́ yẹn, lọ jókòó tì í, kódà kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan péré.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Wọ́n á tún gbé òkúta kan wá tí wọ́n ń pè ní òkúta òṣùpá aláwọ̀ òṣùmàrè. Òkúta gidi ni, ó lẹ́wà, ẹbí feldspar náà ló sì ti wá, ṣùgbọ́n labradorite lorúkọ rẹ̀. Sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà rẹ kí o tó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń retí ọmọ. Obìnrin kan tó ń ta òkúta lórí fóònù sọ fún mi pé òkúta òṣùpá ni òkúta obìnrin, pé kí n máa gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí láti ọjọ́ tí oṣù bá lé, kí n sì dá oògùn dókítà dúró kí agbára méjèèjì má bàa jà. Ó ní torí pé ó funfun, Ọbàtálá tó ń mọ ọmọ sínú ló ni ín. 80,000 náírà ni. Ṣé kí n rà á? (Ẹni tó ń retí, Ọ̀tà)

ÌDÁHÙN: Má dá oògùn rẹ dúró. Mo fi í ṣáájú kí ojú rẹ lè kọ́kọ́ bà á.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ẹlẹ́dàá yóò fi ọmọ rere sí ọ lẹ́yìn, o ó gbé e pọ̀n, o ó sì rántí èmi náà lọ́jọ́ ìkómọ. Ṣùgbọ́n má san owó yẹn. Mo mọ òkúta yìí. Mo ti lọ̀ ọ́, mo ti là á, ìyẹ̀fun rẹ̀ ti bo ọwọ́ mi. Ohun tó wà nínú rẹ̀ so mọ́ ara wọn dan-indan-in, kò sí èyí tó ń jáde wọ ara ènìyàn, ì báà wà lórí ìka, ì báà wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Kò lè bá oògùn jà. Kò sì lè ṣe iṣẹ́ oògùn.

N kò ní í sọ fún ọ pé ìtàn inú rẹ̀ kò níyì. Ó níyì, ó sì ti pẹ́. Ní Íńdíà, èdè Sanskrit ń pè é ní chandrakanta, àyànfẹ́ òṣùpá. Àwọn akéwì àtijọ́ ibẹ̀ ní bí òṣùpá bá tàn sí i lára, yóò máa sun omi bí ẹkún, torí ìfẹ́. Òkúta tó ń sunkún nítorí ẹni tó wà lókè tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó! Bí mo bá ń lọ̀ ọ́ tí omi ń kán lára rẹ̀, mo máa ń rántí ìyẹn. Lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun náà, wọ́n so ó mọ́ òṣùpá, wọ́n sì ti so òṣùpá mọ́ obìnrin, bẹ́ẹ̀ ni òkúta ṣe di òkúta obìnrin. Nígbà tó di 1912, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ ní Amẹ́ríkà pàdé ní Kansas City, wọ́n pín òkúta fún oṣù méjèèjìlá, wọ́n fi péálì àti òkúta òṣùpá fún àwọn tí a bí ní oṣù kẹfà. Oníṣòwò ló pín in. Ọjà ni wọ́n fẹ́ tà.

Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn fi wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Èdè tiwa náà so wọ́n pọ̀. Oṣù ni a ń pè é nígbà tó bá lé lójú ọ̀run, nǹkan oṣù ni obìnrin ń rí, oṣù la fi ń ka oyún. Ẹni tó ti ń ka oṣù fún ọdún mẹ́fà, bí wọ́n bá dárúkọ òṣùpá fún un, ọkàn rẹ̀ á mì. Ìdí nìyẹn tó fi dùn mí pé ẹnì kan wá fi ibẹ̀ gbowó lọ́wọ́ rẹ.

Àmì kì í ṣe oògùn. Lọ́jọ́ ìdána rẹ, wọ́n gbé oyin àti iyọ̀ ka iwájú rẹ, wọ́n sì fi ṣàdúrà. Kò sẹ́ni tó sọ pé oyin inú abọ́ yẹn ni yóò máa gbé ilé ró. Àdúrà ni ó ń gbé. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan tó fẹ́ràn rẹ fi òkúta òṣùpá ta ọ́ lọ́rẹ, tó ní kí ó máa rán ọ létí pé òṣùpá tó wọ̀ókùn máa ń padà lé, màá ní kí o wọ̀ ọ́, kí o sì máa lo oògùn rẹ lọ.

Ti Ọbàtálá ńkọ́? Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń sìn ín. Bí o bá bi wọ́n, sẹ́sẹ́ẹfun ni ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n máa nà sí ọ, pẹ̀lú efun àti aṣọ àlà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Bahia, ní Brazil, tí wọ́n ń pè é ní Oxalá, aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀ fún un lọ́jọ́ Ẹtì. Òkúta òṣùpá kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ òkúta funfun tó ń dán o. Ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n gbẹ́ odidi àga láti ara òkúta quartz, tó le ju òkúta òṣùpá lọ, wọ́n sì lọ̀ ọ́ títí tó fi jọ̀lọ̀. Ọ̀kan nínú rẹ̀ wà ní British Museum di òní, èyí tí Ọọ̀ni fún Gilbert Carter, Gómìnà Èkó nígbà náà, ní 1896. Ẹni tó bá fẹ́ fi òkúta yangàn, ibẹ̀ ni kó tọ́ka sí.

Padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ. Bí ọkọ rẹ kò bá tíì ṣe àyẹ̀wò, kí òun náà lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan. Fi 80,000 náírà yẹn sí i. Tún kọ̀wé sí mi, mo fẹ́ máa gbúròó rẹ.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ọ̀rẹ́ mi ní inú òṣùpá ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti kó òkúta yìí wá. Èmi ní irọ́ ni. Ta ló jàre? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ìwọ lo jàre, ṣùgbọ́n má tíì rẹ́rìn-ín ọ̀rẹ́ rẹ. Òkúta tí àwọn ará Amẹ́ríkà kó bọ̀ nínú ìrìn àjò Apollo tí wọ́n rìn lọ sínú òṣùpá láàárín 1969 sí 1972 kò ju 382 kílò lọ, wọn kì í sì í tà á fún ẹnikẹ́ni láti fi ṣòrùka. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ Florida ló dà á lójú rú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbéra lọ sínú òṣùpá, nítorí náà ìjọba ìpínlẹ̀ náà sọ òkúta òṣùpá di òkúta ẹ̀yẹ wọn ní 1970, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò rí i nínú ilẹ̀ wọn rárá.

Ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á rèé. Jáde síta lálẹ́ tí òṣùpá bá kún. Àwọn ibi tó dúdú lójú rẹ̀, níbi tí wọ́n máa ń sọ fún wa ní kékeré pé obìnrin kan ló gbọ́mọ pọ̀n tó ń la igi, àpáta yíyọ́ tó dì ni. Àwọn ibi tó funfun, tó ń tàn yẹn, feldspar ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹbí kan náà pẹ̀lú òkúta orí òrùka ìyàwó Àkúrẹ́ lókè yìí, ẹbí kan náà pẹ̀lú òkè Ìdànrè. Ẹni tó kọ́kọ́ pe òkúta yìí ní òkúta òṣùpá kò lè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Dídán rẹ̀ ló fi sọ ọ́ lórúkọ. Mo ti mọ̀ ọ́n fún ọdún púpọ̀, síbẹ̀ bí òṣùpá bá ti kún, mo ṣì máa ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wo ó.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Onílẹ̀kẹ̀, ẹ kú làálàá. Ọmọ mi obìnrin ra ẹ̀gbà ọrùn òkúta òṣùpá fún mi nígbà tí mo pé 70. Ó ti ń ṣú, kò dán bíi ti tẹ́lẹ̀, mo sì ń nù ún lójoojúmọ́. Kí ni mo ṣe tí kò dára?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjọ́ orí, Mà. Ẹ ó tún ṣe púpọ̀ láyé nínú àlàáfíà.

Nínù yẹn gan-an ni. Ọmọ Jámánì kan, Friedrich Mohs, to òkúta láti 1 dé 10 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe le sí, ní 1812. Dáyámọ́ńdì ni 10, quartz jẹ́ 7, òkúta òṣùpá sì wà láàárín 6 sí 6.5. Yanrìn kíkúnná tó wà nínú eruku, quartz ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí eruku bo gbogbo nǹkan, tí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, quartz lẹ̀ ń fi ha ojú òkúta yín. Ẹ kò ní í rí ojú kan tó ha, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún méjì ó ti ṣú.

Ẹ bù omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́, ẹ fi ọṣẹ tó fẹ́lẹ́ sí i díẹ̀, ẹ rọra fi ìka fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án, ẹ wá fi aṣọ rírọ̀ fa omi rẹ̀ mu. Ẹ má jẹ́ kí omi tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun kàn án. Bí ẹ bá fẹ́ gúnyán tàbí gbé nǹkan tó wúwo, ẹ bọ́ ọ, torí ọ̀nà méjì wà nínú òkúta yìí tó lè gbà là gẹrẹrẹ bí igi tó ti gbẹ. Ẹ fi sínú àpò aṣọ tirẹ̀, kí wúrà àti dáyámọ́ńdì má máa gún un.

Bí ìdè fádákà rẹ̀ bá já, ẹ sọ fún alágbẹ̀dẹ pé kó yọ òkúta kúrò kó tó fi iná kàn án. Mo sọ èyí torí pé ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyá kan gbé òrùka wá fún mi, òkúta tí ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé rà fún un. N kò yọ ọ́. Mo gbé iná sún mọ́ ọn, mo gbọ́ "tẹ́", òkúta náà sì là sí méjì lójú mi. Mo rà òmíràn fún ìyá yẹn, wọ́n gbà á, wọ́n sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ọkọ wọn rà.

Èyí tó ti ṣú lọ́rùn yín kò tíì bàjẹ́. Ẹni tó bá ń lọ òkúta lè tún ojú rẹ̀ lọ̀ títí yóò fi dán, ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí èmi náà, màá bá yín ṣe é.